Tírípù Iyanrìn Kan

…àbí kí n sọ̀ kalẹ̀? Kí n rọra sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí, kí n pe Mùstàfá pé mi ò ta ẹ̀rọ mọ́, pé ara mi ò yá, pé… Rárá. Bí mo bá ní ara mi ò yá, á ní òun á gbé ìwé wá bá mi lórí ibùsùn. Mùstàfá kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi àìsàn lé lọ. Àtìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú ló ti ń ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí ọkàn wọn ò dúró sójú kan.

Ọkọ̀ ò tíì kún. Ó ku ẹni méjì, ni agbèrò wí. Ó ti tó ìdajì wákàtí tó ti ku ẹni méjì.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí ò ju nǹkan méjì lọ. Ọkọ̀ Ìbàdàn ni mo wọ̀ ní gáréèjì Igbó-Ọrà yìí, ṣùgbọ́n Èrúwà ni màá ti bọ́ sílẹ̀. Màá fọwọ́ sí ìwé fún Mùstàfá, ilé gàrí mi yóò sì di tirẹ̀: ẹ̀rọ méjèèjì tó ń lọ ẹ̀gẹ́, jáàkì tí a fi ń fún un, agbada tí a fi ń yan án, àti ilẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ dúró lé. Lẹ́yìn ìyẹn, màá gun ọ̀kadà lọ sẹ́yìn Pólì. Láwàl bíríkìlà ti wà níbẹ̀ báyìí pẹ̀lú okùn àti èèkàn, ó ń dúró dè mí kó lè ta okùn ìpìlẹ̀. Yàrá mẹ́jọ. Yàrá mẹ́jọ tí àwọn ọmọ Pólì yóò máa gbé, tí èmi Làtíífàt yóò máa gba owó ilé wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, láìfọwọ́ kan ẹ̀gẹ́ mọ́ láyé mi. Ìyẹn náà ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé mo fẹ́ lọ ra iyọ̀ ni.

Kí ló wá dé tí àtẹ́lẹwọ́ mi ń làágùn?

Ooru ni. Ọkọ̀ tó dúró sójú oòrùn láti àárọ̀, kí ni kò ní mú un gbóná? Ooru ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin onífìlà àrán tó wà lẹ́bàá fèrèsé yẹn ò làágùn. Ó ń tẹ fóònù rẹ̀ jẹ́jẹ́. Obìnrin tó gbé báàgì dúdú lé itan náà ò làágùn. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbi pàtàkì kan. Àwọn méjèèjì ni mo rí tí mo fi wọ ọkọ̀ yìí. Ọkọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ pé dírẹ́bà nìkan ló wà nínú ẹ̀, ó ń pè mí, "Ìyá, Èrúwà, Ìbàdàn, ẹ wọlé." Mi ò tiẹ̀ wo apá ibi tó wà. Ta ní í wọ ọkọ̀ òfìfo?

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Èmi ni adìẹ, èmi náà ni okùn.

Ṣùgbọ́n Keturah ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́dọ̀ máa rántí nìyẹn. Nígbàkigbà tí ọkàn mi bá ń sá sókè sódò, kí n mú un jókòó, kí n sọ fún un pé: Keturah ti bẹ̀rẹ̀. Màmá Malachi, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé girama, tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ní Èrúwà kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tí kì í ra tòmátì láìyí i wò nídìí. Ẹni tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fún un ní ṣéńjì, á kà á lẹ́ẹ̀mejì níṣojú ẹni tó fún un, á sì tún béèrè náírà márùn-ún tó kù. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sínú ilẹ̀ tó dojú kọ tèmi. Yàrá mẹ́fà. Ìpìlẹ̀ ti jáde, wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù lóṣù tó kọjá: Malachi ọmọ rẹ̀ dúró sáàárín ìpìlẹ̀ náà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń fi ibi tí ògiri yóò wà hàn mí.

Ọjọ́ tí mo rí fọ́tò yẹn ni mo pe Mùstàfá. Ọjọ́ yẹn gan-an. Mi ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí mo fi pè é.

Nítorí kí ni? Nítorí mo sọ fún ara mi pé bí Keturah bá lè fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sí i, á jẹ́ pé ó ti ṣírò ẹ̀. Ó ti mọ iye ọmọ tó ń wọ Pólì lọ́dún, iye tó ń wá yàrá kiri, iye tí yàrá kọ̀ọ̀kan máa pa wọlé, ọdún tí owó ẹni yóò fi padà. Èmi ò lè ṣírò ìyẹn. Ìṣirò tèmi ò kọjá kóńgò àti àpò. Nílé ìwé, iṣẹ́ Keturah ni mo máa ń dà kọ. Màá na ọrùn díẹ̀, òun náà á yẹ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kúrò díẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọjọ́ kan ló ṣi ìṣirò ṣe, tí ìdáhùn àwa méjèèjì sì jọra délẹ̀délẹ̀, tíṣà fi ẹgba kan náà nà wá. Ọjọ́ kan péré nínú ọdún márùn-ún. Ta ni kò ní gbára lé irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ṣé mo bi í? Ṣé mo tiẹ̀ ṣí ẹnu bi í pé, Keturah, báwo lo ṣe ṣírò ẹ̀? Mi ò bi í. Ó… báwo ni màá ṣe máa bi í? Èmi tí wọ́n ti mọ̀ sí ẹni tó ń múra àti kọ́lé láti ọdún kejì, ṣé èmi ni màá tún máa béèrè bóyá ilé dára?

Nàfísàt bi mí, ní tirẹ̀. Àkọ́bí mi. Ó pè láti Ìbàdàn: "Mọ́mì, ta ló bá yín ṣírò ẹ̀?" Mo ní Màmá Malachi ni. Irọ́ kọ́, òótọ́ kọ́. "Ṣé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín?" Mo ní, ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́, kí ló tún ju ìyẹn lọ ní kíkọ?   Ó ní, "Ẹ̀rọ yẹn ló rán wa níwèé o, Mọ́mì." Mo mọ̀. Ṣé ó rò pé mi ò mọ̀ ni?

Ogún ọdún ó lé ni mo ti wà nídìí ẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá fẹ́ já, mo ti ń gbọ́ ọ lóhùn ẹ̀rọ lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti pẹ́ jù nílẹ̀, mo mọ̀ kí n tó rí i. Láti ìdájí làwọn obìnrin á ti tò sẹ́nu ọ̀nà mi, tàwọn ti abọ́ orí wọn, tàwọn ti àròyé wọn. Apá ń ro mí, òótọ́ ni. Èéfín ti bà mí lójú jẹ́, òótọ́ ni. Dísù tí ẹ̀rọ ń mu ti wọ́n, ẹ̀gẹ́ ń gbówó lórí lónìí, ó ń já wálẹ̀ lọ́la. Mo ti sọ fún gbogbo ayé pé ó ti sú mi. Ó sì sú mi! Ṣùgbọ́n ohun tó sú èèyàn yàtọ̀ sí ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù. Bí ẹ̀gẹ́ tiẹ̀ wọ́n bí ojú, mo mọ ohun tí màá ṣe. Màá dín èyí tí mò ń rà kù, màá máa lọ tàwọn oníbàárà, màá gba owó ìlọ̀. Ní ti yàrá tó bá ṣófo ńkọ́? Kí ni wọ́n ń ṣe sí yàrá tó ṣófo?

Ẹ jẹ́ kí n dijú díẹ̀.

Mo rí i. Aṣọ lórí okùn, bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọge kan kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Mo lejú mọ́ ọn díẹ̀, nítorí lánlédì gbọ́dọ̀ lejú díẹ̀, lẹ́yìn náà mo ní kó dìde. Ó dára. Mo mí. Mo tún dijú. Yàrá mẹ́jọ kan náà, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, alángbá lára ògiri, ewúrẹ́ sùn ní yàrá kẹta, àwọn tó ń kọjá ń fi ẹnu júwe rẹ̀ fún ara wọn: ilé ìyá onígàrí tó ta ẹ̀rọ rẹ̀ nìyẹn. Ilé kan náà ni o. Búlọ́ọ̀kù kan ò yí padà lára ẹ̀. Ohun tó wà láàárín èkíní àti èkejì ò ju èémí kan tí mo mí lọ.

Mùstàfá wá wo ẹ̀rọ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò Iléyá. "Ìyá Nàfí, ẹ ti jẹ ẹ́ yó. Ẹ jẹ́ kí àwa náà tọ́ ọ wò." Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Bí iṣẹ́ gàrí ò bá dáa mọ́ bí mo ṣe ń sọ, kí lòun fẹ́ fi ṣe? Ó rí nǹkan tí mi ò rí. Tàbí kó jẹ́ èmi ni mo rí nǹkan tí kò rí. Ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ń ṣìnà, àwa méjèèjì sì ń kí ara wa kú oríire.

Mo ní kó ra ẹ̀rọ kan, kó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi. Ó ní méjèèjì tàbí kò sí. Mo ní ó dáa. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn — ó dáa! Kí ló dé tí mi ò ní kó lọ, kó lọ rò ó wá?

Bàbá Nàfísàt kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Òun ló ra ilẹ̀ ẹ̀yìn Pólì yẹn kó tó papò dà, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. "Ilẹ̀ kì í jẹ, kì í mu," ló máa ń wí. "Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀." Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀gúsí lé òjò àkọ́rọ̀ lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣì máa wojú ọ̀run, òun á ti gbé irúgbìn kọ́ èjìká. Mo máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ, mo ń sọ nínú mi pé ọkùnrin yìí mọ ohun tí òjò ń rò. Ìgbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbẹ̀yìn ló tó sọ fún mi. Mo ní kó kọ́ mi bó ṣe máa ń mọ ọjọ́ tí òjò ò ní dá. Ó ní, "Làtíífàt, èmi ò mọ̀ ọ́n rí. Ìdajì ni mo máa ń gbìn. Ìdajì wà lókè àjà." Ìdajì! Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi rí igbá ẹ̀gúsí yẹn lókè ààrò mi, mo rò pé ti ọbẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà á bó ṣe ń ba gbogbo èèyàn. Ó kàn gbé tirẹ̀ pa mọ́ síbi tí kòkòrò ò ti ní jẹ ẹ́ ni.

Èmi wá rèé, mo fẹ́ gbin gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Yàrá méjì ńkọ́? Kí ló dé tí n ò fi yàrá méjì bẹ̀rẹ̀? Èmi kọ́ ni mo sọ mẹ́jọ… èmi ni. Láwàl ló bi mí: "Àlájà, yàrá mélòó?" Àlájà ló ń pè mí, èmi tí mi ò rí Mẹ́kà rí àfi nínú kàlẹ́ńdà. Mo wo ìpìlẹ̀ Keturah ní òdìkejì ọ̀nà, mo kà á, ó jẹ́ mẹ́fà. Ẹnu mi ní mẹ́jọ. Kò sí ìṣirò kankan níbẹ̀ ju ìyẹn lọ. Láwàl mi orí, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Òwe tó dára ni, ṣùgbọ́n àáké ta ni? Kì í ṣe ti Láwàl. Iṣẹ́ ni Láwàl ń wá. Bí mo bá ní kó kọ́lé sórí odò Ọ̀fìkì, yàrá mélòó náà ni yóò bi mí.

Wọ́n ní ẹ̀yìn Pólì ni gbogbo ayé ń sáré lọ báyìí. Wọ́n ní kó tó di ọdún méjì, ẹni tí kò bá tíì kọ́ tirẹ̀ á máa fi ìka àbámọ̀ bọ ẹnu. Wọ́n ní… àwọn wo ni wọ́n? Bàbá Bámiṣẹ́ ló sọ ọ́ fún mi, òun tó ní ilẹ̀ tó tẹ̀ lé ti Keturah. Òun náà ti gbẹ́ ìpìlẹ̀. Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní Tíṣà ni, àti pé bí Tíṣà bá ti fi ẹsẹ̀ sí nǹkan, òun ò ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Tíṣà, Keturah nìyẹn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì ti rí i bí mo ṣe rí i. Ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì bá bá ọ sọ…

Ta ló wá sọ fún Tíṣà?

Fóònù ń gbọ̀n nínú pọ́ọ̀sì mi. Láwàl ni, mo mọ̀ láìwò ó. Jẹ́ kó gbọ̀n. Òun nìkan kọ́ ló ń gbọ̀n nínú ọkọ̀ yìí.

Obìnrin oníbáàgì dúdú ti dìde. Ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin onífìlà àrán tẹ̀ lé e. Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n wọ́n, bóyá… Rárá, wọn ò lọ síbi ìtọ̀. Agbèrò fi nǹkan kékeré kan sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń kọjá lọ sínú ọkọ̀ kejì, ọkọ̀ òfìfo àárọ̀ yẹn. Wọ́n wọlé. Obìnrin náà gbé báàgì lé itan. Ó wo aago. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn. Ọkùnrin náà yọ fóònù. Ìyá kan ń gbé apẹ̀rẹ̀ bọ̀ láti ìdí igi, ó dúró, ó yọjú wo inú ọkọ̀ náà, ó rí wọn. Ó wọlé.

Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Wọn ò lọ síbì kankan. Jíjókòó ni wọ́n ń jẹ.

Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Gbogbo ẹni tó ti wọ ọkọ̀ ní gáréèjì rí ló mọ̀. Mo mọ̀, mo sì tún wọlé lónìí, mo tún fi ìdí jókòó, mo tún ń wo ojú wọn láti mọ̀ bóyá kí ọkàn tèmi balẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo ń retí kí ẹ̀rín náà jáde, kò jáde. Nǹkan kan dí i lọ́nà.

Ta ló kọ́kọ́ jókòó?

Kì í ṣe ti ọkọ̀ ni mò ń bi. Ẹ̀yìn Pólì. Ta ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀? Jẹ́ kí n mú un láti ìparí wá. Bàbá Bámiṣẹ́ wo Keturah. Èmi náà wo Keturah. Keturah, ní tirẹ̀, kí ló wò? Nígbà tó lọ síbẹ̀, kí ló wà níbẹ̀? Koríko. Igi ìrá. Ilẹ̀ tó tẹ́ lọ títí dé ojú odò. Kò sí ilé kan. Kò sí ìpìlẹ̀ kan. Kò sí nǹkan tí ọwọ́ èèyàn gbé síbẹ̀ àfi…

Rárá o. Dúró ná.

Àfi iyanrìn mi.

Ṣùgbọ́n iyanrìn yẹn kì í ṣe ti ilé! Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ti ilé. Ọdún kejì rèé tí ẹnìkan pè mí láti Èrúwà pé, "Ìyá, ẹ wá wo ilẹ̀ yín o, àwọn kan ti ń rìn ín." Àyà mi já. Opó ni mí, ẹni tó mọ ààlà ilẹ̀ náà ti kú, àwọn ọmọ mi ò sí nílé. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Onítípà kan tó máa ń ra gàrí lọ́wọ́ mi ló gbà mí nímọ̀ràn. "Ìyá Nàfí, ẹ jẹ́ kí n da tírípù kan síbẹ̀. Ẹni tó bá rí iyanrìn á mọ̀ pé onílẹ̀ ò sùn." Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Ẹni tí kò tíì rówó kọ́lé a máa fi iyanrìn ṣọ́ ilẹ̀. Ó lọ dà á síbẹ̀, mo sì sùn wọra lálẹ́ ọjọ́ náà. Iyanrìn yẹn ò mọ nǹkan kan nípa yàrá. Koríko ti hù lórí ẹ̀. Ewúrẹ́ ti fi ṣe ibùsùn. Òjò ọdún méjì ti wọ́ ìdajì rẹ̀ lọ sí gọ́tà.

Kí ni Keturah wí lọ́jọ́ Iléyá tó tẹ̀ lé e?

Ó wá jẹ ẹran nílé mi. Ó ń fọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́, mo ṣì rí omi tó ń kán ní ìka rẹ̀. "Ìyá Nàfí, mo rí iyanrìn ẹ lẹ́yìn Pólì. O ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, o ò sì sọ fún mi. O fẹ́ dá a jẹ ni?" Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Gbólóhùn kan ni ǹ bá fi dá a lóhùn: ẹ̀rù ló dà á síbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Gbólóhùn kan péré. Ṣùgbọ́n ó ń wò mí… Keturah tó máa ń gba ipò kìíní, Keturah tí mo ń da iṣẹ́ rẹ̀ kọ, ó ń wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó ní nǹkan nínú. Ó ní, "Ẹ̀yin oníṣòwò náà ni, kí èrè tó jinná lẹ ti ń gbóòórùn ẹ̀." Ó dùn mọ́ mi. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó. Mo kó ẹran sí abọ́ rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo ní:

"Wá bá mi níbẹ̀."

Ó sì wá. Yéè, Làtíífàt. Ó wá.

Ó gbé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ́wọ́, ọdún márùndínlógójì tó fi jẹ ẹfun pátákó, ó wá bá mi níbi tí mi ò sí. Kò ṣírò nǹkan kan. Òun, tó ń ka ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì! Imú mi ló gbára lé. Èmi sì rí ìpìlẹ̀ rẹ̀, mo ní, ó ti ṣírò ẹ̀, mo pe Mùstàfá. Ogójì ọdún lẹ́yìn ilé ìwé, mo tún na ọrùn kí n lè da iṣẹ́ Keturah kọ, mi ò mọ̀ pé òun náà ti na ọrùn tirẹ̀, tèmi ló ń dà kọ. Kò sì sí nǹkan kan lórí ìwé tèmi. Iyanrìn ni. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù tí mo dà sílẹ̀ kí n lè rí oorun sùn, ni wọ́n rí tí wọ́n pè ní ìgboyà. Ó yí ká, ó gba ọ̀dọ̀ Keturah, ó gba ọ̀dọ̀ Bàbá Bámiṣẹ́, ó padà wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ró aṣọ ẹlòmíràn. Mo ṣílẹ̀kùn fún un, mo ní, ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀.

Wọ́n tún gbẹ́ ìpìlẹ̀ mìíràn níwájú ti Bàbá Bámiṣẹ́, ará Èkó kan ló ni ín. Mo rí i níjọ́sí. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Mo ní, ẹ̀rí tún dé.

Jẹ́ kí n mí.

Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé yàrá ò ní gba èèyàn? Kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ tún fi ọgbọ́n ẹ̀rù sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ lè wá títí tí yàrá ò ní ká wọn. Ọkọ̀ yìí náà, irọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n yóò kún, yóò gbéra, yóò dé Ìbàdàn. Yàrá mẹ́fà Keturah lè bọ́ ọ dọjọ́ alẹ́. Tàbí kí ó má bọ́ ọ. Mi ò mọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, mi ò mọ̀. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń wá ẹni tó mọ̀ kiri, bí mo bá rí i kí n tẹ̀ lé e, èmi gan-an sì lẹni tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Bàbá Nàfísàt ò mọ̀. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara rẹ̀, mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

Oòrùn ò kúrò níbi tó wà. Ọkọ̀ ò tutù. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti gbẹ.

Mo yọ fóònù. Láwàl ti pè lẹ́ẹ̀mẹta, Mùstàfá lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe àwọn ni mò ń wá. Mo ń wá Màmá Malachi. Òun rèé, ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì nínú fọ́tò rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí? Keturah, ṣé o jókòó? Keturah, iyanrìn ọjọ́sí yẹn…  Ó lè bínú. Ó lẹ́tọ̀ọ́ kó bínú. Á wá sọ pé, "Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé o ò mọ nǹkan kan?" Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ sọ fún ọ pé mi ò mọ nǹkan kan, àti pé kí a jọ jókòó, kí a wá ṣírò ẹ̀ ní tòótọ́, ìwọ pẹ̀lú bírò, èmi pẹ̀lú ẹ̀rù mi, kí okùn Láwàl tó kan ilẹ̀, kí ọwọ́ mi tó kan ìwé Mùstàfá. Ṣé mo lè sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnu tó sọ wá bá mi níbẹ̀, ṣé ó lè sọ ìyẹn?

Òjìji kan bo ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Ọmọbìnrin kan ni, ó pọn ọmọ, ó gbé àpò lọ́wọ́. Ó ń wo inú ọkọ̀ wa, ó ń wo inú ọkọ̀ kejì. Agbèrò ń pariwo sí i létí pé ó ku ẹni méjì, ó ku ẹni méjì. Èmi ló ń wò. Àgbàlagbà tó fi ìbòrí funfun borí, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó gbé pọ́ọ̀sì lé itan, tó mú fóònù lọ́wọ́ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ yìí máa tètè gbéra?"

Agbèrò ń ṣẹ́jú sí mi. Ìdáhùn náà ti wà lẹ́nu mi, ó rọrùn, kò ná mi ní nǹkan kan.

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi," ni mo wí. "Èèyàn lèmi náà rí nínú ẹ̀ tí mo fi wọlé."